Ọjọ́ Tí Àwọn Ẹlẹ́rọ Ata ní Ketu Tan Ẹ́ńjìnnì Wọn

Ọmọ tí àbúrò mi bí ní ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń dá ṣòkòtò wọ̀ ni, nítorí náà kí ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọdún tí owó epo fò lọ sókè réré ni. Àwọn tó ń ta omi tútù ní Ketu bẹ̀rẹ̀ sí í ta omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, àwọn onídìrí sì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ oníbàárà wọn. Àwa ẹlẹ́rọ, ìyẹn àwa tí à ń fi ẹ̀rọ lọ ata, ẹ̀wà àti èlùbọ́ fún aráàlú, dísẹ́ẹ̀lì ni ẹ́ńjìnnì wa ń mu. Bí owó rẹ̀ ṣe ń gòkè ni àwa ń rù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń bi mí ní ìpàdé pé báwo la ṣe ṣe é tí wọn ò fi wó ṣẹ́ẹ̀dì wa, àbọ̀ àbọ̀ ni mo ti ń sọ ọ́ fún yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan, nítorí mo ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé wọ́n ṣàánú wa ni. Ẹnikẹ́ni ò ṣàánú wa.

Kí n tó di ẹlẹ́rọ, ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ni mo ti ṣiṣẹ́, ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti sọ di ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀nà ìjà kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ wa, ó sì dá mi lójú bí orúkọ mi: pa ẹ̀rọ, káwọ́ gbera, jókòó. Tí ẹ̀rọ bá ti dákẹ́, ọ̀gá á wá ẹ wá. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà kú, mo fi owó tí wọ́n fún wa ra ẹ̀rọ ata, mo sì wá síbi tí à ń pè ní Ìlà Ẹlẹ́rọ, lẹ́yìn ọjà ní Ketu. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé níbẹ̀ náà. Ìyá Akọ̀wé ni gbogbo ọjà ń pè mí títí dòní.

Ìlà Ẹlẹ́rọ kò lẹ́wà. Páànù orí rẹ̀ ti dúdú fún èéfín, ilẹ̀ rẹ̀ pupa fún ata, gọ́tà ló sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ọbẹ̀ tí wọ́n ń sè láti Ikosi dé Alapere tí ata rẹ̀ ò kọjá lọ́wọ́ wa. Tòmátì tí ọkọ̀ Òkè Ọya bá já sí Mile 12 láàárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti wà lẹ́nu ẹ̀rọ wa. Àwọn olówó Ogudu kì í wá fúnra wọn o. Dẹ́rẹ́bà wọn ni wọ́n ń rán, pẹ̀lú ike onídèrí.

Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ mi ni ti Ìyá Rìsí wà. Ó jù mí lọ dáadáa, Ìjẹ̀bú ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Ó gbé abọ́ irin ńlá kan kọ́ ara ògiri lẹ́yìn rẹ̀, abọ́ tí kì í fi bu nǹkan kan. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni abọ́ yẹn ń ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá ti yọ lókèèrè tó mú bébà àti bíírò dání, tàbí tó wọ aṣọ tí wọ́n kọ nǹkan sí lẹ́yìn, Ìyá Rìsí á fi ṣíbí irin lù ú, gbá-gbá-gbá. Kíá ni gbogbo ẹ́ńjìnnì á kú. A ó fi tàpólì bo ẹ̀rọ, a ó sì jókòó bí ẹni tó ń retí ọkọ̀.

Kí ẹni tí kò mọ ọjà má yára bú wa. Oríṣiríṣi owó ni àwọn agbowó ń wá gbà lọ́wọ́ wa: owó èéfín, owó ariwo, owó ilẹ̀, owó tí kò lórúkọ. Ẹ̀rọ tó bá ń ṣiṣẹ́ lójú wọn ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Èyí tó bá dákẹ́, wọ́n á fò ó. Bí a ṣe ń rí ọbẹ̀ tiwa náà sè nìyẹn.

Ní àsìkò òjò ọdún náà, àwọn ọmọ kan wá. Wọ́n wọ aṣọ àwọ̀lékè aláwọ̀ ọsàn, wọ́n mú fóònù pẹrẹsẹ ńlá dání. Abọ́ dún. Gbogbo wa pa ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa, tàpólì ni wọ́n ń wò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mummy. Kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

"Iṣẹ́ wo? À ń sinmi ni," Ìyá Rìsí dá wọn lóhùn.

"Ta ló ni ẹ̀rọ yìí? Kí lorúkọ yín, mà?"

"Èmi kọ́ ni mo ni ín. Mo kàn ń bá ẹni tó ni ín jókòó tì í ni. Òun náà sì ti lọ sílé."

Ọmọ náà tẹ nǹkan sórí fóònù rẹ̀, wọ́n kọjá lọ. A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn títí omi fi jáde lójú wa.

Àsìkò òjò ti parí kí a tó mọ ohun tí ọmọ náà tẹ̀. Ìròyìn kàn pé iná sólà ń bọ̀ ní ọjà wa. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ kan fún un, wọ́n sì fi ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọ̀gá Káyọ̀dé ṣe alága rẹ̀. Inú mi dùn dénú. Tí sólà bá dé, a lè bọ́ lọ́wọ́ dísẹ́ẹ̀lì. Mo wọ aṣọ tó dáa, mo lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Ikosi láti lọ béèrè ìgbà tí wọ́n máa dé ọ̀dọ̀ wa.

Àwòrán ọjà wa ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló wà níbẹ̀ ní àwọ̀ yẹ́lò: àwọn aláṣọ, àwọn tó ń tún fóònù ṣe, àwọn onídìrí, títí kan ẹni tó ń ta káàdì lábẹ́ agboòrùn. Mo ń fi ìka tọ ọ̀nà náà lọ títí mo fi dé ibi gọ́tà. Ibi tí Ìlà Ẹlẹ́rọ wà, àwọ̀ eérú ni wọ́n kùn ún. Wọ́n fi gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sí i pé àyè òfìfo ni, ibẹ̀ sì ni wọ́n máa kọ́ ilé bátìrì sí.

Mo tún un kà. Wọ́n fẹ́ wó gbogbo ìlà wa kí wọ́n lè kọ́ ilé fún bátìrì tí àwa ò ní rí lò.

"Ọ̀gá, ẹ dákun," ni mo wí, "ta ló sọ fún yín pé ibí yìí ṣófo?"

Ọ̀gá Káyọ̀dé kò tilẹ̀ dìde. "Mummy, èmi kọ́ o. Kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti fi módẹ́ẹ̀lì ṣe gbogbo ẹ̀ láti òkè délẹ̀."

"Ẹ ti dé ibẹ̀ fúnra yín rí?"

"Kí ni mo fẹ́ débẹ̀ ṣe? Dátà kì í parọ́. Kò sẹ́ni tó ń lo iná níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ni nǹkan kan níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nìyẹn."

"Ọbẹ̀ tí ẹ jẹ lánàá ńkọ́? Ta ló lọ ata ẹ̀?"

"Ìyàwó mi ní bílẹ́ńdà."

"Iná wo ló fi ń lò ó?"

Ó wò mí sùn-ùn. "Mummy, àwọn onígbọ̀wọ́ tó ń náwó sí i ti rí àwòrán yìí, wọ́n ti fọwọ́ sí i. A ò lè padà sẹ́yìn nítorí èèyàn tí kò sí nínú ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi lẹ́nu àwọn ọ̀gá láyé mi. Wọ́n ti pè mí ní olórí kunkun, wọ́n ti pè mí ní aláìmoore, ọ̀kan tiẹ̀ ti ní kí wọ́n gbé mi sọ síta. Ẹnìkan ò tíì jókòó níwájú mi rí kó sọ fún mi pé mi ò sí.

Bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnìkan lẹ́yìn mi. Ọmọbìnrin kan ni, ó wọ awò, ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká mọ́ àyà. Tèmítọ́pẹ́ lorúkọ rẹ̀, ẹnjiníà ni, òun gan-an ló sì ṣe àwòrán ara ògiri náà. Ó kúnlẹ̀ kí mi lórí àtẹ̀gùn níbẹ̀.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ ni pé èèyàn ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀?"

"Níbo lò ń gbé?"

"Ogudu, mà. Inú ẹ́síteètì."

"Ta ló ń lọ ata yín?"

"Dẹ́rẹ́bà Mummy wa ló máa ń gbé e jáde."

"Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé e wá. Ata yín kì í pọ̀, alùbọ́sà yín ló máa ń pọ̀ jù."

Ẹnu yà á. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lọ́nà tó fi yé mi. Ó ní ohun tí wọ́n ń pè ní módẹ́ẹ̀lì kò ju àwòṣe ọjà lọ. Wọ́n á sọ fún un iye iná tí olúkúlùkù ń lò ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sọ bí oòrùn ṣe máa ń ràn tó nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òun á wá ṣírò rẹ̀, á sọ iye páńẹ̀lì tí ọjà nílò, iye bátìrì, àti ibi tó yẹ kí wáyà gbà. Bátìrì ló wọ́n jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí òun ló ń tọ́jú iná di ìgbà tí oòrùn ò bá sí.

"Ṣùgbọ́n kò lójú, mà," ó ní. "Tí mo bá fún un ní òfo, òfo ló máa gbé padà fún mi. Àwọn ọmọ tí wọ́n rán wá sọ pé ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ ti bàjẹ́, pé kò sẹ́ni tó ni wọ́n."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ abọ́ irin fún un. Òun náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló fọwọ́ lé orí.

"Mummy! Ẹ sá fún agbowó, ẹ sì sá kúrò nínú ọjà yín!"

"Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́," ni mo wí, ohùn mi sì le. "Ẹni tó rán wọn ni kò ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n wá ṣe. Ká ní wọ́n sọ pé ọ̀rọ̀ iná ni, à bá ti se ìrẹsì dè wọ́n."

Ó gbà. Ó ní òun lè tún módẹ́ẹ̀lì náà ṣe tí a bá jẹ́ kí òun rí iṣẹ́ wa bó ṣe ń lọ. Ṣùgbọ́n ó ní Ọ̀gá Káyọ̀dé kò ní fẹ́ kí wọ́n yí ohunkóhun padà kí ìfilọ́lẹ̀ tó wáyé, ìfilọ́lẹ̀ náà sì ti sún mọ́lé. Lẹ́yìn ìfilọ́lẹ̀, katapílà ló kù.

Ní ìpàdé wa, ariwo pọ̀. Gbogbo ènìyàn ló fẹ́ ká yan iṣẹ́ lódì.

"Ẹ jẹ́ ká ti gbogbo ẹ̀ pa!" Ìyá Rìsí ń pariwo. "Kí gbogbo Ketu máa gún ata lódó! Tí ìyàwó Káyọ̀dé bá ti fi ọwọ́ ata nu ojú, á mọ̀ pé a wà!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà ti dìde láti kín in lẹ́yìn, nítorí ohun tí mo mọ̀ nìyẹn. Mo ti la ẹnu. Bí mo ṣe la ẹnu ni mo rántí àwọ̀ eérú ara ògiri yẹn. Tí a bá pa ẹ́ńjìnnì wa, kí ni yóò yí padà lójú ọkùnrin náà? Á kàn tọ́ka sí wa ni, á ní, ẹ ò rí i, mo sọ fún yín pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"A ò ní pa á," ni mo wí. "A máa tàn án ni."

Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

"Láti ìgbà tí mo ti ń jà," ni mo sọ fún wọn, "pípa ẹ̀rọ ni mo fi ń jà. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rọ tí a pa ló fẹ́ lé wa kúrò. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí wá wò wá bí a ṣe ń ṣiṣẹ́, kó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Tó bá wá di ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ wa."

"Kó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀?" Ìyá Rìsí ti dìde. "Akọ̀wé, ṣé ara ẹ yá? Ẹni tó bá kọ ẹ́ sílẹ̀ fún iná, òun náà ló máa kọ ẹ́ sílẹ̀ fún owó. Wọ́n á mọ iye ẹ̀rọ tí a ní, wọ́n á mọ ìgbà tí à ń ṣí àti ìgbà tí à ń tì. Kí ni mo wá ń lu abọ́ fún láti ọjọ́ yìí?"

Òótọ́ ló sọ, mi ò sì ní irọ́ kankan láti fi dá a lóhùn. "Wọ́n á wá," ni mo wí. "Wọ́n á wá gba owó, a ó sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ṣẹ́ẹ̀dì ló ń bá agbowó jà. Tí wọ́n bá ti wó o, orí gọ́tà la ti fẹ́ bá wọn jà?"

Ìyá Rìsí yí ẹ̀yìn sí mi. Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Àwọn tó kù nawọ́, a sì fẹnu kò pé a máa tàn án.

Tèmítọ́pẹ́ wá láìwọ aṣọ àwọ̀lékè kankan. Ó ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀, ó ń wo ẹni tó ń lọ kí ni, àti ní àsìkò wo. Bó bá bi Ìyá Rìsí ní nǹkan, ìyẹn á ní òun kọ́ ni òun ni ẹ̀rọ. Ó di ọjọ́ tí ata rodo ta sí ọmọ náà lójú, tó ń ké, tó ń fò sókè sódò. Ìyá Rìsí ló sáré gbé omi, tó di orí rẹ̀ mú, tó ń fọ ojú rẹ̀, tó sì ń bú u bó ṣe ń fọ̀ ọ́. "Ta ló ní kó o gbé ojú sún mọ́ ọn? Ṣé tẹlifíṣọ̀n ni?" Láti ọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn.

Ohun tí iṣẹ́ yẹn fi hàn ya àwa gan-an lẹ́nu. A mọ iṣẹ́ wa, ṣùgbọ́n a ò tíì rí i bí àwòrán rí. Ọmọ náà ya ọjọ́ wa bí òkè méjì tí àfonífojì wà láàárín wọn. Òkè kan ni òwúrọ̀, nígbà tí àwọn olóúnjẹ títà ń kó ata wá. Èkejì ni ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ọ̀sán, nígbà tí oòrùn mú jù, ni à ń tòògbé.

"Ìgbà tí iná bá pọ̀ jù gan-an lẹ kì í ṣe nǹkan kan," ó ní. Ó ní tó bá jẹ́ àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ nìkan ni a fẹ́ lo sólà, bátìrì tó máa gbà á pọ̀ débi pé àwọn onígbọ̀wọ́ ò ní gbọ́ ọ sétí. Àwa la wá sọ fún un pé kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ń kánjú. Ata tútù ò ṣeé dá dúró, ẹni tó gbé e wá fẹ́ lọ sè é ni. Ṣùgbọ́n èlùbọ́, ata gbígbẹ, ẹ̀gúsí àti àgbàdo lè dúró di ọ̀sán láìsí ìjà. Ó tẹ ìyẹn náà sínú kọ̀ǹpútà, ó sì yí i sí wa kí a lè rí i. Iye bátìrì já wálẹ̀ lójú wa. Kò sí ìdí tí wọ́n fi máa wó ìlà wa mọ́. Páńẹ̀lì lè wà lórí páànù wa, bátìrì sì lè wọ yàrá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn ọjà.

Ó gbé e lọ bá Ọ̀gá Káyọ̀dé. Ọ̀gá Káyọ̀dé ní kó pa á rẹ́.

Lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, wọ́n ta kánópì síwájú gbọ̀ngàn ọjà, kò jìnnà sí ìlà wa rárá. Àwọn onígbọ̀wọ́ wá, àwọn olóyè wá, omi inú ife wà níwájú oníkálukú. Wọ́n ta aṣọ funfun ńlá kan, àwòrán ọjà hàn lórí rẹ̀, yẹ́lò níbi gbogbo, eérú lọ́dọ̀ wa. Mo jókòó sẹ́yìn. Ní ìlà wa, a ti ká gbogbo tàpólì kúrò, oníbàárà ti tò pẹ̀lú abọ́ ata wọn, ṣùgbọ́n a ò tíì tan ẹyọ kan. Àdéhùn wa ni pé abọ́ irin ló máa fún wa ní àmì. Ọwọ́ Ìyá Rìsí ni abọ́ wà, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bóyá ó máa lù ú.

Ọ̀gá Káyọ̀dé gba máíkì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àlejò, ó yin ara rẹ̀ dáadáa, ó wá na ọ̀pá sí àwòrán náà.

"Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ọjà yìí tí a gbàgbé," ó ní. "Ibi kan ṣoṣo tó ṣófo nìyí, tí kò sí iṣẹ́ kankan tó ń lọ níbẹ̀."

Gbá-gbá-gbá.

Abọ́ tó ti ń sọ fún wa láti ọjọ́ pípẹ́ pé ká dákẹ́ ló dún yẹn. Ẹ́ńjìnnì kan húkọ́, ó tàn, èkejì tàn tẹ̀lé e, ó wá di gbogbo wọn. Ilẹ̀ ń mì. Omi inú ife ń gbọ̀n níwájú àwọn àlejò. Èéfín gòkè lẹ́yìn aṣọ funfun náà, òórùn ata rodo sì tẹ̀lé e, olóyè kan bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ọ̀gá Káyọ̀dé ń la ẹnu, ó ń pa á dé, a ò gbọ́ nǹkan kan.

Mo sunkún, mi ò sì tijú láti sọ ọ́. Mo ti yan iṣẹ́ lódì lọ́pọ̀ ìgbà láyé mi, kò sí èyí tó dùn mọ́ mi tó ìyẹn.

Ọ̀gá Káyọ̀dé sáré wá bá mi, ó ń pariwo sí mi létí. "Mummy, ẹ ní kí wọ́n pa á!"

"Kí wọ́n pa kí ni?"

"Ẹ́ńjìnnì yẹn!"

"Ẹ́ńjìnnì wo? Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, Ọ̀gá. Kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ó rán àwọn ẹ̀ṣọ́ ọjà lọ pa á. Wọ́n lọ, wọ́n padà wá, wọ́n ní oníbàárà ti pọ̀ jù, àwọn ò rí ọ̀nà gbà kọjá. Ọ̀kan nínú wọn mú ọ̀rá ata lílọ̀ dání.

Obìnrin àgbàlagbà kan wà láàárín àwọn onígbọ̀wọ́. Ó dìde, ó tọ́ka sí àwọ̀ eérú tó wà lórí aṣọ, ó sì tọ́ka sí ibi tí ariwo ti ń wá. Kò nílò máíkì. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Tèmítọ́pẹ́ tó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó tẹ nǹkan kan, àwòrán sì yí padà. Ìlà wa di yẹ́lò. Òkè méjì wa hàn níbẹ̀, àti ọ̀sán tó ti kún fún èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí. Kò pa á rẹ́.

Ọ̀gá Káyọ̀dé fò lọ bá a pé kó pa kọ̀ǹpútà náà. Mo ti tẹ̀lé e débẹ̀, mo sì gbọ́ èsì ọmọ náà dáadáa, nítorí òun náà pariwo ni.

"Ọ̀gá, mo lè pa kọ̀ǹpútà." Ó na ọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀dì wa. "Ìyẹn ńkọ́, ta ló máa pa á?"

Àwòrán tuntun náà ni àwọn onígbọ̀wọ́ ní kí wọ́n lò, wọn ò sì wó wa. Ìlà Ẹlẹ́rọ ṣì wà. Páńẹ̀lì wà lórí páànù wa, a sì ń fi mọ́tò kékeré tí iná ń yí lọ gbogbo nǹkan gbígbẹ lọ́sàn-án. Ohun tí à ń ná sórí dísẹ́ẹ̀lì ti dínkù débi pé a lè mí. Bátìrì wọ yàrá ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn, níbi tí ọmọ yẹn sọ pé ó lè wọ̀. Ẹni tó bá ní wọ́n fi ta wá lọ́rẹ ni, ẹ gbé ìwé yìí fún un kó kà á.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má bá mi jó ijó ìṣẹ́gun. Wọn ò pe Tèmítọ́pẹ́ sí iṣẹ́ ìgbìmọ̀ yẹn mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ò sọ fún wa, dẹ́rẹ́bà màmá rẹ̀ ló sọ ọ́ nígbà tó gbé ata wá. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Àwọn tí ẹ̀rọ wọn wà ní ìpẹ̀kun, létí gọ́tà, wáyà gba orí àyè wọn kọjá, wọ́n sì ní kí wọ́n kó lọ. Ọ̀kan nínú wọn wà ní Owódé Onírin báyìí, ó ń lọ ata fún àwọn tó ń ta irin, kò sì kí mi mọ́ tó bá rí mi. Mo mọ ìdí rẹ̀. Àwọn agbowó náà dé bí Ìyá Rìsí ṣe wí, iye ẹ̀rọ wa àti ìgbà tí à ń ṣí sì wà lọ́wọ́ wọn. À ń bá wọn jà títí di bí mo ṣe ń sọ yìí. Owó ariwo nìkan la kọ̀ jálẹ̀. A ní ẹ̀rọ tí ìgbìmọ̀ sólà ti kọ sílẹ̀ pé kò sí, kò lè pariwo. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀.

Wọ́n sì jẹ wá ní gbèsè. Bátìrì ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ṣèlérí fún wa lójú gbogbo ọjà lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, a ò tíì rí i. Tí oòrùn bá ti wọ̀, dísẹ́ẹ̀lì náà la tún ń padà sí. Wọ́n jẹ wá ní ìjókòó kan nínú ìgbìmọ̀ yẹn, kí ó má tún jẹ́ pé ara ògiri la ti máa rí ohun tí wọ́n fẹ́ fi wá ṣe. Ọ̀gá Káyọ̀dé jẹ èmi ní tèmi lọ́tọ̀. Kó wá sójú mi, kó sọ pé mo wà. Mi ò ní gbàgbé rẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ má bá mi gbàgbé rẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, àwọn ọmọ aláwọ̀lékè tún wá. Wọ́n kí wa, wọ́n sọ pé ọ̀rọ̀ bátìrì ìrọ̀lẹ́ làwọn bá wá, àwọn fẹ́ mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tí oòrùn bá wọ̀. Ọ̀sán gangan ni. Mọ́tò oníná Ìyá Rìsí ń lọ èlùbọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún. Bó ṣe rí wọn, ó dìde, ó ká tàpólì kúrò lórí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ àtijọ́, ó sì yí i títí ó fi tàn. Ariwo gba gbogbo ibẹ̀.

"Ìyá Rìsí, iná wà o!" ni mo pariwo. "Kí lẹ tún ń tan ìyẹn fún?"

"Èyí tuntun yẹn kì í pariwo!" ó dá mi lóhùn. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún ní àwọn ò gbọ́ mi!"

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà fi ọwọ́ kan di etí, ó gbé fóònù pẹrẹsẹ rẹ̀ sókè pẹ̀lú èkejì. "Mummy, ta ló ni ẹ̀rọ yìí? Kí lorúkọ yín, mà?"

Mo wo Ìyá Rìsí. Láti ìgbà tí mo ti ń jókòó tì í, mi ò gbọ́ kó sọ orúkọ rẹ̀ fún ẹni tó ń kọ nǹkan rí. Èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n.

"Èmi ni mo ni ín," ó ní. "Kọ ọ́ dáadáa. Múnírátù Àbẹ̀kẹ́ Ọdúnùgà."

Ó dúró tì í, ó na ọrùn wo ojú fóònù náà, títí ọmọ náà fi tẹ̀ ẹ́ tán.